Fáìlì GPX tó mú mi wọ àbàtà Kinder Scout

Àbúrò mi, o ní ọ̀rẹ́ rẹ fi fáìlì GPX, fáìlì tó máa ń ya ọ̀nà ìrìn sórí máàpù fóònù, ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp, o sì ń bèèrè bóyá ìyẹn nìkan tó láti gun Kinder Scout, òkè tó wà ní Peak District ní England, lọ́jọ́ Sátidé. Kò tó o. Èmi náà rò pé ó tó, lóṣù Kọkànlá ọdún kan, ojú ṣì ń tì mí títí dòní.

Àwa mẹ́rin la wọ ọkọ̀ ojú irin láti Sheffield lọ sí Edale, abúlé tó wà nísàlẹ̀ òkè náà. Mo ṣí fáìlì tí ẹnì kan fún mi, ìlà búlúù yọ lórí fóònù: ó gba àfonífojì Grindsbrook gòkè, ó wá kọjá láàárín òkè lọ sí Kinder Downfall, níbi tí omi ti ń já bọ́ láti orí àpáta. Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí ìlà náà fi tọ́ gbọnrangandan báyẹn. Àbàtà ló wà lórí Kinder, ilẹ̀ dúdú tí omi òjò ti gbẹ́ ní kòtò kòtò, òmíràn jìn ju ènìyàn lọ. Bó o ṣe ń pọ́nkè jáde nínú ọ̀kan, òmíràn ti lanu sílẹ̀ níwájú. Kùrukùru tún bolẹ̀. Wákàtí kan gbáko, a ò rìn tó kìlómítà kan, ẹrẹ̀ sì ti gba bàtà lẹ́sẹ̀ ẹnì kan nínú wa. Fóònù mi ní tiẹ̀ ń sọ pé orí ìlà gan-an ni mo wà!

Ẹ̀gbọ́n kan nínú wa gbé máàpù oníwèé àti kọ́ńpáàsì wá. A ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọkọ̀. Òun ló ní ká gbàgbé Downfall, ká dorí kọ gúúsù, torí bó pẹ́ bó yá a máa kan ọ̀nà tó gba etí òkè. Bẹ́ẹ̀ ló rí. A gba ibẹ̀ dé Jacob's Ladder, ọ̀nà olókùúta tó dà gẹ̀rẹ́ wálẹ̀ láti orí òkè, lọ́jọ́ yẹn àkàsọ̀ Jákọ́bù ni lóòótọ́, ilẹ̀ ti ṣú pátápátá ká tó wọ Edale.

Ilé ni mo ti wá ṣí fáìlì náà lórí kọ̀ǹpútà bí ẹni ṣí lẹ́tà, torí ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà lásán ló wà nínú GPX. Ojú àmì 11 péré fún nǹkan bíi kìlómítà 14, "rtept" sì ni gbogbo wọn, ìyẹn ojú àmì ọ̀nà tí wọ́n kàn pète. Ẹnì kan ló jókòó sílé tó ń tẹ ibi tó wù ú lórí máàpù. Fóònù mi ló fa ìlà so wọ́n pọ̀. Fáìlì ẹni tó fẹsẹ̀ rìn ín, "trkpt", ojú àmì ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀, ló máa ń kún inú rẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún, pẹ̀lú gíga ilẹ̀, ọjọ́ àti aago. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ ń wò báyìí. Ohun tí wọ́n rìn lóṣù Kẹfà nígbà tí ilẹ̀ gbẹ kò jọ ti oṣù Kìíní rárá. Síbẹ̀, má gbà á gbọ́ tán: láàárín àpáta, ìlà náà lè yà bàrá.

Ní tìrẹ, gbé fáìlì náà lé orí máàpù Ordnance Survey (OS) 1:25,000 (OL1 ni ti Dark Peak, apá Peak District tí Kinder wà), kó o wò ó bóyá ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gidi ló ń tẹ̀ lé. Ra oníwèé rẹ̀ náà. Da máàpù sórí fóònù láti ilé, áàpù OsmAnd dára, kó o wá tan airplane mode. GPS ò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ohùn sátẹ́láìtì ló ń gbọ́. Inú àpò abẹ́ kóòtù ni kó o fi fóònù sí, òtútù ń jẹ bátìrì.

Bó o bá fẹ́ pín tìrẹ lẹ́yìn náà, gé orí àti ìdí rẹ̀ kúrò. Ẹnu ọ̀nà ilé mi ni èyí àkọ́kọ́ tí mo pín ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ WhatsApp wa mọ aago tí ilé mi ṣófo. Wọ́n tún rí i pé mo jókòó ìṣẹ́jú 50 nídìí ẹja díndín.

Fi fáìlì yẹn ránṣẹ́ sí mi kó tó di ọjọ́ Ẹtì, màá bá ọ ṣí i wò.