Èsì: Màmá kú n'Íléṣà, mo wà ní Toronto

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́, o kú ara fẹ́ra kù. O ní o ò lè wálé wá sin màmá yín, ẹkún ò sì jáde. Ó ṣe mí rí. Aago 11 àárọ̀ n'Íléṣà, lóṣù Kẹjọ, ni wọ́n sin màmá tèmi; aago 6 ìdájí ni ní Toronto tí mo wà. Orí fóònù ni mo ti wo yẹ̀pẹ̀ tó ń bọ́ sórí pósí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. N ò sunkún. Ọjọ́ tí mò ń ro iyán oníyẹ̀fun (Ìjẹ̀ṣà wo ló ń jẹ ìyẹn nílé?) lẹkún tó bẹ́. Jẹ́ kó wá. Nílé, àwọn ará àdúgbò ì bá ti jókòó tì ọ́; níbẹ̀ yẹn, ìwọ ni wàá pe ẹnì kan tó gbọ́ Yorùbá pé kó wá. Ọdún kejì ni mo tó dé ibi sàréè. Mo bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.