Bàbá ní òun kò ní gba obì lọ́wọ́ òyìnbó: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ọmọ wa obìnrin, ẹni ọdún 31, ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Richmond, ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà. Aláwọ̀ funfun ni ẹni tí ó mú wá. Bàbá rẹ̀, tí a jọ wà ní Abẹ́òkúta, kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun kò ní gba obì lọ́wọ́ òyìnbó láéláé. Ọmọ náà sì ní bí a kò bá dá òun lóhùn, kóòtù ni àwọn yóò ti lọ ṣègbéyàwó. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn ọmọ, ìyá wa. Ìpínlẹ̀ tí ọmọ yín ń gbé gan-an ti rí ìjà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù keje ọdún 1958, òru ni àwọn agbófinró ká Richard Loving, tí ó jẹ́ aláwọ̀ funfun, àti Mildred ìyàwó rẹ̀, tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, mọ́ orí ibùsùn wọn ní Virginia, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó tí wọ́n gbà ní Washington wà lára ògiri. Adájọ́ ní kí wọ́n fi Virginia sílẹ̀ fún ọdún 25, tàbí kí wọ́n lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ìgbà tí ó di ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1967 ni ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà tó fagi lé òfin tí ó ka ìgbéyàwó aláwọ̀ dúdú àti funfun léèwọ̀ ní Virginia àti ní ìpínlẹ̀ 15 mìíràn. Nígbà tí iléeṣẹ́ Gallup bi àwọn ará Amẹ́ríkà léèrè ní ọdún 1958, ẹni 4 péré nínú 100 ni ó fara mọ́ ìgbéyàwó aláwọ̀ dúdú àti funfun. Ní ọdún 2021, ó ti di 94.

Nítorí náà, ohun tí ọmọ yín sọ kì í ṣe ìhàlẹ̀ lásán. Akọ̀wé kóòtù ní Virginia kò ní béèrè Bàbá kí ó tó fún wọn ní ìwé àṣẹ, 60 ọjọ́ ni wọ́n sì ní láti fi ìwé náà ṣègbéyàwó. Ṣùgbọ́n kóòtù kò lè fún wọn ní àna, mo sì rò pé ohun tí ọmọ náà ń wá nìyẹn, torí bí kò bá wá a, kì bá tí sọ fún yín rárá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ìṣirò Gallup yẹn bá Bàbá jà. Bàbá kan tí ọmọ tirẹ̀ náà mú òyìnbó wá jókòó níwájú mi fún bí wákàtí kan, tí ó ń sọ̀rọ̀ àwọ̀, ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ọ̀rọ̀ òtútù, kí ó tó wá dákẹ́, kí ó sì sọ pé, “Ọmọ yẹn pè mí ní orúkọ tí ìyá mi sọ mí.” Orí fóònù ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ní ìlú ọkọ ìyàwó, ìfẹ́ ni kí ènìyàn pe àna rẹ̀ lórúkọ. Ní ilé bàbá yìí, àfojúdi ni. Ìyàwó ni kò kọ́ ọkọ rẹ̀ kí ó tó gbé fóònù fún un. Nígbà tí ọmọkùnrin náà pè padà tí ó sì sọ pé, “Ẹ kú alẹ́, Dádì,” ọ̀rọ̀ rọ̀, bí kò tilẹ̀ tíì parí. Ẹ bi Bàbá léèrè ohun tí ó bí i nínú gan-an, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán.

Ohun mìíràn tí ó ń ba àwọn bàbá lẹ́rù ni ìwádìí. Ta ni yóò lọ bi ará àdúgbò léèrè ní ìlú òyìnbó? Iṣẹ́ Bàbá ni, ẹ má ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó béèrè bóyá ọkùnrin náà ti ṣègbéyàwó rí, kí ó sì rí ìwé ìkọ̀sílẹ̀ bí ó bá ti ṣe é. Kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù pẹ̀lú. AS kì í ṣe ti aláwọ̀ dúdú nìkan, ó wà lára àwọn ará Gíríìsì àti Ítálì. Ó yẹ kí ẹ bi ọmọ yín léèrè pé báwo ni ìyá ọkùnrin náà ṣe ń gbà á lálejò, torí ẹni tí ó ní òun fara mọ́ ọn lè máà ṣí ilẹ̀kùn nígbà tí ó bá kan ọmọ tirẹ̀. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lè kọ́kọ́ wáyé lórí fídíò WhatsApp, kí àwọn òbí méjèèjì rí ojú ara wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ọmọ yín kọ orúkọ àwọn òbí ọkùnrin náà, ìlú wọn àti iṣẹ́ wọn ránṣẹ́. Ẹ fi lé Bàbá lọ́wọ́ nígbà tí ó bá jẹun tán, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ kí ó kà á.