Báwo ni mo ṣe lè dí ihò ara catamaran fáíbà mi?

Ẹ ní Hobie 16 yín, ìyẹn catamaran (ọkọ̀ ojú omi tó ní ara méjì), forí sọ òkúta, ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan sì lu. Ẹ lè tún un ṣe fúnra yín.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bá jà. Fóòmù ló wà láàárín awẹ́ fáíbà méjì lára ọkọ̀ yìí, omi sì lè ti wọ ibẹ̀. Ẹ fi owó ẹyọ gbá ara ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́ yí ihò náà ká: ibi tó bá ń dún bí ohun tó ṣófo ti ṣí nínú. Ẹ gé e kúrò, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Ẹ má kánjú níbí o.

Ẹ wá fi sáńdípépà ha etí ihò náà kó rọra tẹ́ lọ. Bí fáíbà bá nípọn tó mìlímítà 2, kí ibi tí ẹ ha fẹ̀ tó mìlímítà 24; bí etí bá dúró ṣánṣán, àlẹ̀mọ́ náà á ṣí. Ẹ fi acetone (omi tó ń nu ọ̀rá kúrò) nù ún, ẹ fi fóòmù tuntun dí àyè èyí tó bàjẹ́, kí ẹ sì to aṣọ fáíbà tí ẹ fi epoxy (àtè olómi tó máa ń le) rin lé e ní ìpele-ìpele. Epoxy ni mo fara mọ́, torí ó ń lẹ̀ mọ́ fáíbà àtijọ́ ju àtè polyester lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ ìbòmú àti ìbọ̀wọ́. Eruku fáíbà kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró rárá. Bó bá ti le, ẹ ha á kó dán, kí ẹ kùn ún lọ́dà, torí oòrùn máa ń ba epoxy jẹ́.