Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ṣé Yiwu Ló Yẹ Kí N Lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ohun ọ̀ṣọ́ obìnrin àti ohun ìṣeré ọmọdé ni mo ń tà, ọwọ́ àwọn tó ń kó wọn wọlé láti Ṣáínà ni mo sì ti ń rà wọ́n. Ó wù mí kí n lọ wo ibẹ̀ fúnra mi. Àwọn kan ní Guangzhou ni kí n lọ, àwọn mìíràn dárúkọ ìlú kan tí ń jẹ́ Yiwu. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni kí n mú, kí ni kí n sì máa wò tí mo bá débẹ̀?

Ìdáhùn: A dúpẹ́ fún lẹ́tà yín. Fún irú ọjà tí ẹ dárúkọ yìí, Yiwu ni kí ẹ mú. Ìpínlẹ̀ Zhejiang ló wà, kò sì tó Guangzhou rárá, nítorí pé iye ènìyàn tí wọ́n kà níbẹ̀ ní 2020 kò pé mílíọ̀nù 2. Síbẹ̀, ìsọ̀ tó wà nínú ọjà ńlá rẹ̀, Yiwu International Trade City, tó nǹkan bí 75,000. Agbègbè 1 ọjà náà, tí wọ́n ṣí ní 2002, ni ẹ óò ti rí ohun ìṣeré, òdòdó àtọwọ́dá àti ohun ọ̀ṣọ́.

Ilẹ̀ Yiwu kò fi bẹ́ẹ̀ dára fún oko. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ láyé àtijọ́ fi máa ń gbé ṣúgà kiri láti abúlé dé abúlé, tí wọ́n ń fi í gba ìyẹ́ adìyẹ tí wọ́n lè fi sọ ilẹ̀ wọn di ọlọ́ràá. Ní 1982 ni ìjọba ibẹ̀ fàyè gba ọjà gbangba. Àṣà kí a jẹ èrè táṣẹ́rẹ́ lórí ọjà púpọ̀ kò tíì kúrò lára wọn, òun ló sì jẹ́ kí oníṣòwò tí owó rẹ̀ kò pọ̀ rí àyè níbẹ̀: bí ọjà bá ti wà nílẹ̀, ẹ lè ra páálí díẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, kí ẹ ra díẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí ẹ sì kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹténà kan náà.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí iye tí wọ́n bá pe ọjà nìkan tàn yín jẹ. Ẹ bi wọ́n léèrè iye tó wà nínú páálí kan, ọjọ́ tí ọjà yóò ṣe tán, bóyá owó orí wà nínú iye tí wọ́n pè, àti àyè tí páálí náà yóò gbà, èyí tí àwọn oníṣòwò ń fi CBM wọ̀n: CBM 1 ni àyè tó gùn ní mítà 1, tó fẹ̀ ní mítà 1, tó sì ga ní mítà 1. Páálí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 80, tó fẹ̀ ní 60, tó sì ga ní 50, yóò gba 0.24 CBM. Kọ̀ǹténà ẹsẹ̀ bàtà 20 sábà máa ń gba nǹkan bí 28 CBM, ìyẹn ni pé páálí bí 116 ni yóò kún un. Bí ohun ìṣeré 48 bá wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 5,500 ohun ìṣeré ni yóò jọ ru owó ọkọ̀ ojú omi. Ohun ọ̀ṣọ́ kì í gbàyè bẹ́ẹ̀, nítorí náà ohun ìṣeré tó pọ́ọ́kú ní ìsọ̀ lè wọ́n ju ohun ọ̀ṣọ́ lọ tó bá fi máa délé. Ìṣirò yìí ṣe pàtàkì lójú wa ju nínàá ọjà lọ.

Físà M, tó wà fún òwò, ni kí ẹ béèrè. Ilé-iṣẹ́ kan ní Ṣáínà ni yóò kọ ìwé ìpè fún yín. Láti Shanghai, ọkọ̀ ojú irin ayára kì í tó wákàtí méjì kó tó dé Yiwu. Ẹ má lọ lásìkò ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà, ní oṣù kìíní sí ìkejì, nítorí pé ọjà máa ń tì pa, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ sì máa ń padà sílé. Ẹ ṣètò Alipay, tí wọ́n fi ń sanwó, àti WeChat, tí wọ́n fi ń sanwó tí wọ́n sì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, sórí fóònù yín kí ẹ tó kúrò nílé, torí WhatsApp kì í ṣí níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé dandan ni kí n ní aṣojú tí yóò máa bá mi rajà níbẹ̀? Owó ẹ̀gbọ́n mi kan ti wọ̀gbẹ́ lọ́wọ́ irú wọn rí.

Ìdáhùn: Kò pọn dandan, ṣùgbọ́n fún ìrìn àjò àkọ́kọ́, a rò pé ó dára kí ẹ ní ọ̀kan. Ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún owó ọjà ni wọ́n ń gbà. Ohun tó léwu ni pé àwọn kan tún máa ń gba owó abẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ onísọ̀, wọn a sì fi kún iye ọjà. Nítorí náà, ẹ gba ìwé iye ọjà tí onísọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, kí nọ́ńbà ìsọ̀ náà sì wà lórí rẹ̀.

Àsansílẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ má san èyí tó kù títí ẹ óò fi rí ọjà nínú ilé ìkẹ́rùsí, tí ẹ sì ti tú páálí mélòó kan wò, kì í ṣe èyí tó wà lókè nìkan. Níti ohun ìṣeré, ẹ yẹra fún èyí tó bá ní àmì ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn tàbí àwòrán eré ọmọdé tó gbajúmọ̀, nítorí pé aṣọ́bodè Ṣáínà pàápàá lè gbẹ́sẹ̀ lé e kó tó kúrò ní èbúté. Bí ẹ bá sì fẹ́ sanwó, orúkọ tó wà lórí àkáǹtì gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà nínú ìwé àdéhùn mu. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹlòmíràn, ẹ má san án.