Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì sanwó Friesian yẹn o

Ẹ ní ṣé màlúù dúdú-funfun tẹ́ ẹ rí lórí YouTube yẹn, Friesian, máa lè gbé Òṣogbo níbí torí wàrà. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣe sùúrù ná. Mo ti tọ́jú màlúù àdàlù kan tí wọ́n fi Friesian gùn ìyá ẹ̀, tòun ti Bùnàjì, màlúù funfun àwọn Fúlàní, nínú ọgbà kan náà lọ́nà Ìlobù, mo mọ ohun tójú mi rí.

Kì í ṣe oòrùn nìkan ló ń da Friesian láàmú, ooru tó lómi nínú ni. Nígbà ọyẹ́, ọ̀sán lè mú janjan, àmọ́ tó bá di òru ilẹ̀ á tutù, ara ẹran á balẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti wọ oṣù kẹta sí ìkẹrin, tí àkọ́rọ̀ òjò ń yọjú, tí òógùn ò gbẹ lára èèyàn gan-an tí òru ò sì tún tutù, hẹn, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Friesian fẹ́ ibi tí kò ju bíi 25 digírì lọ, ṣé bí Òṣogbo ṣe rí lóṣù kẹta nìyẹn? Wàrà púpọ̀ tẹ́ ẹ torí ẹ̀ fẹ́ ẹ gan-an tún ń dá kún un, torí bó ṣe ń jẹun tó ń ṣe wàrà tó náà ni inú ara ẹ̀ ń gbóná tó.

Àdàlù tèmi yẹn, tó bá di ọ̀sán, ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi ló máa dúró sí, kò ní dùbúlẹ̀, ó na ọrùn síwájú, itọ́ ń yọ́ lẹ́nu ẹ̀, ìhà ẹ̀ ń fẹ́ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Bùnàjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ níbẹ̀, ó dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń jẹ àpọ̀jẹ. Ẹ máa wo ìhà ẹran yín kẹ́ ẹ sì ka mímí ẹ̀, tó bá ti ju 60 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ooru ti mú un nìyẹn, ẹ má dúró dìgbà tó máa yọ ahọ́n. Wàrà àdàlù tèmi yẹn já wálẹ̀, oyún náà ò tètè dúró.

Bùnàjì ní irun funfun kúkúrú, awọ abẹ́ ẹ̀ dúdú, awọ ọrùn ẹ̀ já wálẹ̀ gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀, ó sì ń làágùn dáadáa. Àmọ́ kó má di pé mò ń tàn yín, wàrà ẹ̀ kéré. Gúdálì, irú màlúù ilẹ̀ wa mìíràn, náà dáa. Ráhájì pupa oníwo gígùn yẹn, òkè Ọya ọ̀hún tó gbẹ ló bá a lára mu, ọ̀rinrin tiwa níbí ò bá a lára mu rárá. Mùtúrù kékeré tí ò ní iké, eṣinṣin tsetse tó ń kó àrùn ran màlúù kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i gbé ṣe, ẹ kàn má so ó sójú oòrùn, abẹ́ igi ni kó wà.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣáà fẹ́ Friesian, ẹ wá èyí tí wọ́n ti fi gùn Bùnàjì, ẹ da imọ̀ ọ̀pẹ lé páànù ilé ẹ̀ lórí, kẹ́ ẹ máa fún un lóúnjẹ ńlá lálẹ́ àti ìdájí. Omi ńkọ́? Ọ̀kan tó ń ṣe wàrà dáadáa lè mu ju 100 lítà lọ lọ́jọ́ ooru. Ṣé bohóòlù yín ń ṣiṣẹ́ tí iná ò bá sí?