Ṣéènì Wo Ni Yóò Bá Ayùn Mi Mu?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Lápálápá àti dongoyárò tí bàbá mi gbìn ṣe ọgbà yí ilé wa ká ní Ọ̀mù-Àrán ti dí jù. Mo ní ayùn ẹ̀rọ àlòkù, ṣùgbọ́n ṣéènì rẹ̀ ti já. Irú èwo ni kí n rà, kí ni kí n sì wọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe fi ojú díwọ̀n ṣéènì lọ́jà. Ẹ nu ìdí irin pẹlẹbẹ tí ṣéènì ń yí lé lórí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń tẹ nọ́ńbà sí: ìdajì àlàfo tó wà láti orí ìṣó kékeré kan tó so ṣéènì pọ̀ dé orí ẹ̀kẹta rẹ̀, bí eyín ìsàlẹ̀ tó ń wọ inú kòtò irin náà ṣe nípọn tó, àti iye eyín ìsàlẹ̀ náà. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, ṣéènì náà kò ní jókòó dáadáa.

Irin íńṣì 12 sí 14 tó fún ọgbà. Bí apá òkè ṣóńṣó rẹ̀ bá kan ẹ̀ka tí ẹ kò rí, ayùn lè ta padà sí yín lójú kí ẹ tó ṣẹ́jú, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ dán bíréèkì ṣéènì wò. Àdá ni kí ẹ fi gé ẹ̀ka tín-ín-rín.

Ní ti aṣọ, jíǹsì kò lè dá ṣéènì dúró (èmi náà ti rò rí pé ó lè dá a dúró). Ìbòtan àwọn agégi ni kí ẹ wá, èyí tí òwú inú rẹ̀ máa ń fà yọ láti há ayùn. Ẹ fi akoto tó ní ìbòjú àti ìbòtí kún un, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti bàtà onírin, kí ẹ má sì gun àkàbà pẹ̀lú ayùn lọ́wọ́.