Ẹ BI MÍ, MO Ń GBỌ́: Ọmọ mi ń wo Demon Slayer, ṣé kí n dá a dúró?

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mùsùlùmí ni wá nílé wa. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 13, ti gbé ánímè kan (eré àwòrán ilẹ̀ Jàpáànù) tí wọ́n ń pè ní Demon Slayer sórí, kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo kọjá lẹ́yìn rẹ̀, mo rí i tí wọ́n bẹ́ orí ẹnì kan, orí ọ̀hún bọ́ sílẹ̀, ó sì ṣì ń sọ̀rọ̀! Bàbá rẹ̀ ní kí n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ kíákíá. Ọmọ wá ń sunkún pé àwọn tó ń gbógun ti ànjọ̀nú ni òun ń wò, kí ló wá burú nínú ìyẹn? Ẹnu mi wọhò. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá Ọmọ Mẹ́ta

Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú. Mo ti wo eré yìí fúnra mi. Ọmọ ọmọ mi ló pè mí sí i, mo sì jókòó tì í láti ìpín àkọ́kọ́, nítorí náà kì í ṣe ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹlẹ́nu ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń dá lẹ́jọ́. Ilẹ̀ Jàpáànù ni ìtàn náà ti wáyé, ní ìgbà ọba Taisho, láàárín ọdún 1912 sí 1926. Ọmọkùnrin kan, Tanjiro, ń ta èédú láti bọ́ ìyá àti àwọn àbúrò rẹ̀, torí bàbá wọn ti kú. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè nínú yìnyín lọ tajà, ilẹ̀ ṣú bá a, ẹnì kan ní kó sùn sọ́dọ̀ òun. Nígbà tó padà délé, wọ́n ti pa wọ́n, ẹ̀jẹ̀ ti kún ilẹ̀. Nezuko, àbúrò rẹ̀ obìnrin, nìkan ni ara rẹ̀ ṣì gbóná. Ó pọ̀n ọ́n, ó ń tiraka lọ nínú yìnyín kó lè rí ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ náà wà tó fi di ànjọ̀nú. Ìpín àkọ́kọ́ nìyẹn. Láti ibẹ̀ lọ, bí yóò ṣe sọ àbúrò rẹ̀ di ènìyàn padà ló ń wá kiri.

Nígbà tí irú eré báyìí bá wọ ilé onígbàgbọ́, orúkọ rẹ̀ la fi sábà máa ń dá a lẹ́bi. Èmi kì í fi orúkọ ṣe ẹ̀rí. Ohun tí mo máa ń wò ni ẹni tí eré náà fẹ́ kí ọmọ fẹ́ràn, àti ohun tó ń mú kó dùn mọ́ ọn lójú. Eré kan lè má ní ànjọ̀nú kankan nínú, kó sì máa kọ́ ọmọ pé ẹni tó bá lágbára ló ni ayé. Nínú èyí, ènìyàn làwọn ànjọ̀nú náà tẹ́lẹ̀. Muzan, olórí wọn, ló fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ sọ wọ́n di ajẹ̀nìyàn. Eré náà kò ní kí ọmọ bọ wọ́n, kò sì ní kó wù ú láti dà bí wọn. Ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ tọkàntọkàn ló gbé síwájú wa. Lórí ìyẹn, ẹ̀yìn ọmọ yín ni mo wà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀ o. Orí tí ẹ rí tí wọ́n bẹ́ yẹn, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, torí bíbẹ́ orí ni ọ̀nà tí àwọn jagunjagun tó ń gbógun ti ànjọ̀nú sábà fi ń pa wọ́n. Nígbà tí fíìmù rẹ̀, Mugen Train, jáde ní 2020, PG12 ni wọ́n fún un ní Jàpáànù, ìyẹn ni pé kí òbí dá sí i bí ọmọ kò bá tíì pé 12. Amẹ́ríkà fún un ní R, pé ọmọ tí kò bá tíì pé 17 kò gbọdọ̀ wọlé wò ó láìsí àgbàlagbà pẹ̀lú rẹ̀. Inú ìwé ìròyìn àwọn ọmọkùnrin ni mángà rẹ̀, ìyẹn ìwé ìtàn alàwòrán tí wọ́n fi ṣe eré náà, ti jáde, láti 2016 sí 2020. Kí ìyẹn má tàn yín jẹ. Ẹni tí wọ́n ń tajà fún ló ń fi hàn, kò sọ pé ẹnikẹ́ni ti bá yín yẹ̀ ẹ́ wò.

Inú Mugen Train yìí kan náà ni ohun tó bà mí lẹ́rù jù lọ wà. Ànjọ̀nú kan mú wọn sùn, ó sì há wọn mọ́ inú àlá. Tanjiro rí i pé àfi tí òun bá kú nínú àlá náà ni òun fi lè jí. Ó gbé idà sí ọrùn ara rẹ̀, ó sì fà á. Léraléra ló ń ṣe é, títí ó fi kù díẹ̀ kó ṣe é lójú ayé gan-an, ọpẹ́lọpẹ́ Inosuke, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó dì í mú. Eré náà gbé e kalẹ̀ bí ìgboyà. Ẹ̀sìn tiyín àti ti àwa Kírísítẹ́nì kò fàyè gba kí ènìyàn gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Bí ọmọ kan bá wà nílé tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì, tó ń dá jókòó, tí kì í báàyàn sọ̀rọ̀ mọ́, mi ò ní jẹ́ kó wo ibẹ̀ rárá. Àwọn òbí tó ń pariwo ànjọ̀nú kì í mẹ́nu kan èyí, èyí gan-an ló sì yẹ kí wọ́n pariwo.

Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ náà wà níbẹ̀. Ní ìpín karùn-ún, Tanjiro bẹ́ orí ànjọ̀nú kan tó ní ọwọ́ rẹpẹtẹ, tó ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ tí ọ̀gá Tanjiro kọ́ ṣáájú rẹ̀. Bí ànjọ̀nú náà ṣe ń kú lọ, ó na ọwọ́ kan jáde. Tanjiro di ọwọ́ náà mú, ó sì gbàdúrà pé nígbà tí ẹni yìí bá tún ayé wá, kó má di ànjọ̀nú mọ́. Omi bọ́ lójú mi. Mo dá eré náà dúró, mo bi ọmọ ọmọ mi pé, “Ṣé àwa gbà pé ènìyàn ń tún ayé wá?” Ó ní rárá, àjíǹde la gbà gbọ́. Mo ní, “Kí ló wá dára nínú ohun tó ṣe?” Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Kò kórìíra ẹni tó ti ṣubú.” Ohun tí mo fẹ́ kó rí gan-an nìyẹn, ó sì rí i láìjẹ́ pé ó gbé ìgbàgbọ́ tiwa jù sílẹ̀.

Ní ìpín 19, ijó tí bàbá Tanjiro máa ń jó láti alẹ́ mọ́jú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ló di agbára idà fún un. Òrìṣà iná ni wọ́n ń jó o fún, kí ewu àti àìsàn má bàa kan ìdílé wọn. Ìsìn Shinto, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Jàpáànù, nìyẹn, ẹ má fi pamọ́ fún ọmọ yín. Bí ẹ bá rí i tó ń jó o nínú yàrá pẹ̀lú igi lọ́wọ́, ẹ má lù ú. Ẹ pè é jókòó, ẹ ní kó sọ fún yín ta ni wọ́n ń jó o fún, kó sì sọ ẹni tí òun ń forí balẹ̀ fún.

Apá tó jáde láti oṣù Kejìlá 2021 sí oṣù Kejì 2022, ẹ fi sílẹ̀ ná. Yoshiwara ló ti ṣẹlẹ̀, àdúgbò àwọn aṣẹ́wó tó wà lóòótọ́ láyé àtijọ́ ní Jàpáànù. Wọn kò fi ìbálòpọ̀ hàn, àmọ́ aṣọ Daki, ànjọ̀nú obìnrin ibẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ má bo nǹkan kan. Suratu Nur, ẹsẹ 30, pàṣẹ pé kí àwọn ọkùnrin onígbàgbọ́ rẹ ojú wọn sílẹ̀, ọmọ ọdún 13 sì ti tó ẹni tí àṣẹ yẹn ń bá wí.

Kírísítẹ́nì ni mí, mi ò lè ṣe alfa fún yín. Àwọn alfa kan wà tí wọn kò fara mọ́ yíya àwòrán ohun ẹlẹ́mìí rárá. Bí alfa yín bá wà lára wọn, ẹ tẹ̀lé e. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí mo lè sọ ni pé kí ọmọ yín wo apá àkọ́kọ́, kí ẹ̀yin tàbí bàbá rẹ̀ jókòó tì í. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wo Mugen Train. Àwọn àbúrò rẹ̀ kò gbọdọ̀ sí nítòsí. Kẹ́ ẹ tó sọ èyíkéyìí fún un, ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ ẹ ti ìlẹ̀kùn yàrá, kí ẹnu yín kò. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ìyá gbà, bàbá kọ̀, yóò lọ wò ó lórí fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ ọdún 21 ni mí, mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Ọ̀rẹ́ mi ní wíwo Demon Slayer ń ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀mí àìmọ́. Mo fẹ́ràn eré náà gan-an, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti sọ bẹ́ẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́.
Akọrin

Ọmọ mi, mo wò ó dáadáa kí n lè dá ọ lóhùn. Àwọn jagunjagun yẹn kì í pe ẹ̀mí kankan. Mímí ni wọ́n ń kọ́, bí ènìyàn ṣe ń fa èémí sínú títí ara yóò fi lágbára, Tanjiro sì fi nǹkan bí ọdún méjì ṣe é kó tó la òkúta ńlá. Àwọn ànjọ̀nú ló ń lo agbára òkùnkùn, ọ̀tá sì ni wọ́n. Nítorí náà mi ò rí ìlẹ̀kùn tí ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ.

Síbẹ̀, Róòmù 14:23 ní ohunkóhun tí kò bá ti inú ìgbàgbọ́ wá, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Bí o bá ń wò ó tí ọkàn rẹ ń dá ọ lẹ́bi, pa á tì, kì í ṣe nítorí eré náà, nítorí ọkàn rẹ ni. Bí ọkàn rẹ bá sì balẹ̀ lẹ́yìn àdúrà, má gbé e lọ síwájú ọ̀rẹ́ rẹ, má sì gbé e sáàárín àwọn ọ̀dọ́ ìjọ. Ka Kọ́ríńtì Kìíní orí 8 lórí ẹran tí wọ́n fi bọ òrìṣà, ọ̀rọ̀ ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ ló wà níbẹ̀.

Ohun kan tún kù tí o kò bi mí. Ìpín 26 ló wà nínú apá àkọ́kọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìṣẹ́jú 24. Ó ju wákàtí 10 lọ. Aago mélòó lo máa ń pa á lálẹ́? Ṣé o ṣì ń jí gbàdúrà òwúrọ̀?

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọbìnrin mi fi ánímè mìíràn, Fullmetal Alchemist: Brotherhood, rọ́pò Demon Slayer, torí pé kò sí ànjọ̀nú níbẹ̀. Ṣé ìyẹn sàn jù?
Bàbá Ọmọbìnrin

Ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ fún ẹlẹ́sìn, èmi rò pé ó le jù. Ìpín 64 ni, 2009 sí 2010. Àwọn ọmọ méjì gbìyànjú láti jí ìyá wọn tó ti kú dìde, wọ́n sì jìyà rẹ̀ gidigidi: ẹ̀gbọ́n pàdánù ẹsẹ̀ àti apá, gbogbo ara àbúrò lọ. Ẹnì kan wà lẹ́nu ọ̀nà àràmàǹdà tó ń sọ fún wọn pé òun ni wọ́n ń pè ní Ọlọ́run. Ní ìpín kẹta, àlùfáà kan ń fi iṣẹ́ ìyanu èké kó àwọn ènìyàn nífà. Ọmọ tó bá ti fìdí múlẹ̀ nínú ẹ̀sìn rẹ̀ lè rí ọgbọ́n kọ́ níbẹ̀, pàápàá lórí wòlíì èké, ṣùgbọ́n ó gba kí àgbàlagbà wà nítòsí láti bá a túmọ̀ rẹ̀. Ní ìpín kẹrin, bàbá kan hùwà ìkà sí ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré lọ́nà tí mi ò lè kọ síhìn-ín. Ẹ dá nìkan wo ìyẹn kí ọmọ yín tó dé ibẹ̀.